Kámẹ́rà àpò àbí mirrorless? Ẹ wo lẹ́ńsì kí ẹ tó náwó

Àbúrò mi obìnrin ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ó pè mí láàárọ̀ Sátidé kan, kò tíì kí mi tán tó fi ní: "Bọ̀dá mi, owó ti pé. Ṣé kámẹ́rà kékeré tó ń wọ àpò yẹn ni kí n rà, àbí èyí tí wọ́n ń yọ lẹ́ńsì lórí ẹ̀?" Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méjì. Kì í ṣe pé mi ò ní nǹkan í sọ. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, èyí tí èmi fúnra mi ń lò ni màá dárúkọ, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Ohun tí mo padà sọ fún un ni mo kọ síbí, pẹ̀lú bí mo ṣe dé ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbà lórí orúkọ ná. Èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní compact ni mo máa pè ní kámẹ́rà àpò. Lẹ́ńsì rẹ̀ kì í kúrò lára rẹ̀: bí ẹ bá tan kámẹ́rà, á yọ ẹnu síta, bí ẹ bá pa á, á fà á wọlé bí ìjàpá ṣe ń fa orí. Mirrorless ni èyí tí lẹ́ńsì rẹ̀ ṣe é yọ, tí kò sì sí dígí nínú rẹ̀ bíi ti DSLR tí àwọn ayàwòrán òde ń gbé kọ́rùn nígbà kan. Láti ọdún 2008 tí Panasonic ti gbé G1 jáde ni irú rẹ̀ ti ń gba ọjà lọ́wọ́ DSLR díẹ̀díẹ̀.

1. Ẹ ka ọgọ́rùn-ún fọ́tò tó wà lórí fóònù yín

Ẹ má tíì ṣí YouTube o. Ibi tí fọ́tò wà lórí fóònù ni kí ẹ ṣí. Ẹ yọ èyí tí èèyàn fi ránṣẹ́ sí yín kúrò níbẹ̀, kí ẹ ka ọgọ́rùn-ún tó kẹ́yìn nínú èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín yà. Ẹ mú bébà àti bírò. Ìbéèrè mẹ́rin ni ẹ óò bi fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ojúmọmọ ni àbí alẹ́? Ohun tí mo yà sún mọ́ mi, àbí ó jìnnà? Ó dúró jẹ́ẹ́, àbí ó ń jó? Níbo ni fọ́tò náà padà lọ: orí WhatsApp, orí Instagram, àbí ara ògiri?

Àbúrò mi ṣe é, ó sì fi bébà náà ránṣẹ́. Nínú 100, 71 jẹ́ aṣọ tó tẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀sán. Oníbàárà tó wọ aṣọ tó sì dúró jẹ́ẹ́ jẹ́ 18. Fọ́tò òde alẹ́ jẹ́ 9. Méjì tó kù, ọmọ rẹ̀ ni, ó ń sáré, ojú rẹ̀ kò sì hàn nínú èyíkéyìí. Kò sí ẹyọ kan tó tẹ̀ jáde sórí bébà. Ọ̀rẹ́ mi kan wà n'Ìbàdàn tó ń ya fọ́tò òde jẹun. Bí òun bá ka tirẹ̀, òdìkejì gbáà ni yóò jẹ́: òru, inú gbọ̀ngàn, iná aláwọ̀ mẹ́fà, àti ìyàwó tí kò lè dúró lójú kan.

Àwọn méjèèjì yìí kò gbọdọ̀ ra kámẹ́rà kan náà. Bí ẹ kò bá sì tíì ka fọ́tò yín, ẹ kò tíì mọ èwo ni ẹ̀yin jẹ́.

2. Ẹ fi megapixel sílẹ̀

Mo fẹ́ yára kọjá níbí. Megapixel ni iye mílíọ̀nù àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò. Kámẹ́rà àpò tó dáa máa ń ní megapixel 20, mirrorless ti olùbẹ̀rẹ̀ sì máa ń ní 24. Èyí tó ní 20 á fún yín ní fọ́tò tó gùn tó ínǹṣì 18, tó fẹ̀ tó 12, kó tó di pé ó ń fọ́ lójú. Èyí tó ní 24 á dé 20 sí 13. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò tó ìka ẹsẹ̀. WhatsApp á sì tún fún un pọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí.

Ìkìlọ̀ kan péré: kámẹ́rà pẹlẹbẹ kan wà lórí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò ní orúkọ gidi, tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ "48MP 4K" sí lára, tí owó rẹ̀ kò sì ju ti bàtà méjì lọ. Fóònù yín dáa jù ú lọ. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe ohun ìṣeré ọmọdé.

3. Ẹ fi rúlà ya sẹ́ńsọ̀ sórí bébà

Sẹ́ńsọ̀ ni nǹkan pẹlẹbẹ tó wà nínú kámẹ́rà, tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ẹ mú rúlà, kí ẹ ya àpótí mẹ́ta síra wọn. Èkíní, mìlímítà 6.2 sí 4.6. Ìyẹn ni ti kámẹ́rà àpò olówó pọ́ọ́kú, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Ìkejì, mìlímítà 13.2 sí 8.8: ti kámẹ́rà àpò tó dáa nìyẹn, bíi Canon G7 X, Sony RX100 àti Sony ZV-1. Wọ́n ń pè é ní 1-inch, àmọ́ kò sí ínǹṣì kan níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n jogún láti ara gílóòbù kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni. Ìkẹta, mìlímítà 22.3 sí 14.9, ni APS-C ti Canon tó wà nínú mirrorless bíi M50, R100 àti R50. Ti Sony fi díẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo bébà náà dáadáa. APS-C fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ju 1-inch lọ. 1-inch náà fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ju hóró ẹ̀wà lọ. Ẹ fa ìlà gba orí àpótí kékeré yẹn kọjá. Bí fóònù yín bá ti dáa díẹ̀, kámẹ́rà oní-hóró-ẹ̀wà kò ní nǹkan tuntun tí yóò fún yín, àfi súùmù tó ń dé ọ̀nà jíjìn.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dúró. Wọ́n á ní, "Ó tán, APS-C ló tóbi jù, mirrorless ni màá rà." Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì náwó lé e lórí.

4. Bàsíà nínú òjò wínníwínní, igbá lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀

Ẹ ro ìmọ́lẹ̀ bí òjò. Sẹ́ńsọ̀ ni ohun tí ẹ gbé síta láti fi gba omi. Bí ẹ bá gbé bàsíà ńlá sínú òjò wínníwínní, tí aládùúgbò yín sì gbé igbá kékeré sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ta ni omi rẹ̀ yóò kọ́kọ́ kún? Lẹ́ńsì ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹnu rẹ̀, f/1.8 tàbí f/4.5, ló ń sọ bí ihò rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ihò náà ṣe fẹ̀ tó. Ó ń dojú rú fún gbogbo èèyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má bínú sí ara yín.

Ẹ wá wo ẹnu lẹ́ńsì méjì. Ti Canon G7 X Mark II: f/1.8 nígbà tí kò tíì fà, f/2.8 nígbà tó bá fà dé òpin. Lẹ́ńsì 18-45mm tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ Canon R50: f/4.5 níbẹ̀rẹ̀, f/6.3 lópin. Ẹ pín 4.5 sí 1.8, ẹ óò rí 2.5. Ẹ fi 2.5 lọ́po ara rẹ̀, ó di 6.25. Ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ tó ń já sórí sẹ́ńsọ̀ G7 X fi ìlọ́po mẹ́fà nípọn ju èyí tó ń já sórí ti R50 lọ. Sẹ́ńsọ̀ R50 sì fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta tóbi jù. Ẹ pín mẹ́fà sí mẹ́ta. Nínú yàrá tí gílóòbù kan ṣoṣo wà, kámẹ́rà àpò gba ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ tí mirrorless gbà!

Mo tún ìṣirò yẹn ṣe lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, torí ó ta ko ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ. Òótọ́ ni, àmọ́ apá kan òótọ́ ni. Ẹ yọ lẹ́ńsì tí wọ́n fi bá R50 wá, kí ẹ fi RF 50mm f/1.8 sí i. Lẹ́ńsì kékeré ni, gíráàmù 160 péré, kò sì sí nínú àwọn tó wọ́n. Ojú tó fi ń wo nǹkan bá ibi tí G7 X ti fà tó f/2.8 dọ́gba. Ẹ tún ìṣirò ṣe: 2.8 pín sí 1.8, ẹ fi í lọ́po ara rẹ̀, ó lé díẹ̀ ní 2.4, ẹ wá fi ìtóbi sẹ́ńsọ̀ lọ́po rẹ̀, ó di nǹkan bí ìlọ́po méje. Bàsíà ti bọ́ sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹni tí ẹ ń yà yóò di bàìbàì bí òwú, ojú rẹ̀ yóò sì dá yàtọ̀, bíi ti fọ́tò ìgbéyàwó tí gbogbo èèyàn ń fẹ́. Kámẹ́rà àpò kò lè ṣe ìyẹn bó ṣe yẹ, àfi bí ẹ bá sún mọ́ nǹkan náà gan-an.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi nìyí: bó o bá mọ̀ pé o kò ní ra lẹ́ńsì kejì láàárín ọdún kan, má ra mirrorless. Kámẹ́rà àpò 1-inch ni kó o rà. Bó o bá sì máa ra mirrorless, owó lẹ́ńsì kejì ni kó o kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, kó o tó mọ iye tó kù fún ara kámẹ́rà.

Ẹ má rò pé lẹ́ńsì tó bá a wá kò wúlò o. Lójú ọ̀sán, mirrorless pẹ̀lú lẹ́ńsì yẹn ń ya fọ́tò tó mọ́ gaara. Ó tún ní ohun kan tí ìṣirò mi kò kà: fókọ́ọ̀sì, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mú ohun tí ẹ ń yà kó hàn kedere. R50 máa ń di ojú èèyàn mú, kì í sì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀ bí ẹni náà tilẹ̀ ń jó. G7 X Mark II àti Mark III kò lè bá a dù ú. Ẹ óò rí wọn tí wọ́n ń lọ síwá-sẹ́yìn, wọ́n ń wá ojú. Nínú àwọn kámẹ́rà àpò, Sony ZV-1 àti RX100 VII ni fókọ́ọ̀sì wọn yára gan-an. Bí àwọn ọmọ tó ń sáré bá pọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fọ́tò yín, ẹ fi èyí sọ́kàn.

5. Àwọn nǹkan kéékèèké tó ń mú kéèyàn fi kámẹ́rà sílé

G7 X Mark II wúwo tó gíráàmù 319. R50 pẹ̀lú lẹ́ńsì tó bá a wá jẹ́ 505. Ìwọ̀n kọ́ ni mo ń sọ, àpò ni. Ọ̀kan á wọ àpò bùbá, ìkejì á béèrè báàgì. Ẹni tó bá gbé báàgì kámẹ́rà wọ dánfó ní Ọ̀ṣòdì mọ̀ pé ojú tí àwọn èèyàn fi ń wo òun ti yí padà.

Oòrùn: lójú ọ̀sán gangan, ojú kámẹ́rà á funfun báláú, ẹ ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Ihò ìwo, èyí tí à ń gbé ojú lé, ló ń gbà yín. R50, M50 àti Sony a6000 ní i. G7 X kò ní i, bẹ́ẹ̀ náà ni ZV-1, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ZV-E10 tó jẹ́ mirrorless. Àbúrò mi ní òun máa ń dúró lábẹ́ agboòrùn ṣọ́ọ̀bù, kò kan òun. Ó dáa.

Fídíò: bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ síwájú kámẹ́rà, ẹ wá ihò tí okùn máíkì ń wọ̀. ZV-1 ní i, G7 X Mark III ní i, Mark II kò ní i. Ẹ má ṣe rò pé mirrorless gbọ́dọ̀ ní i ṣá: Sony a6000 tó ti wà láti ọdún 2014, tó kún ọjà tọ̀kunbọ̀, kò ní i. M50 ní 4K, fídíò tó mọ́ ju 1080p lọ, lórí bébà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tan 4K ọ̀hún, ó ń gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán kúrò, fókọ́ọ̀sì rẹ̀ á sì di ọ̀lẹ. Ẹ lo 1080p lórí rẹ̀, kí ẹ sinmi.

Bátìrì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí iná. Àwọn tó ṣe wọ́n ka 235 fọ́tò fún M50 lórí ẹ̀kún bátìrì kan, 260 fún ZV-1, nǹkan bí 360 fún a6000. Bátìrì kejì kì í ṣe fàájì nígbà náà. Ẹ béèrè bóyá ó ń gba iná láti ara USB: ZV-1 àti a6000 ń gbà á, ẹ lè fi power bank rọ wọ́n lóru tí kò bá sí iná. M50 ní tirẹ̀ kò gbà á. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ bátìrì, kí ẹ wá ibi tí ẹ óò ti ki ṣájà rẹ̀ bọ ògiri, kí ògiri náà sì ní iná.

6. Ẹ kọ gbogbo owó sílẹ̀, kí ẹ tó jáde nílé

Mi ò ní dárúkọ iye náírà, torí yóò ti yí padà kí ẹ tó kà á tán. Ìlànà ni mo lè fún yín. Fún kámẹ́rà àpò: ara kámẹ́rà, bátìrì kejì, káàdì, àpò kékeré. Fún mirrorless: ara kámẹ́rà pẹ̀lú lẹ́ńsì rẹ̀, lẹ́ńsì kejì, bátìrì kejì, káàdì, báàgì gidi, rọ́bà tí a fi ń fẹ́ eruku. Ẹ wá fi àpapọ̀ méjèèjì wéra, kì í ṣe ara kámẹ́rà sí ara kámẹ́rà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mirrorless tí wọ́n ní kò wọ́n máa ń wọ́n lọ́nà yìí. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ ní òdìkejì: láti bí ọdún mélòó kan ni àwọn ọ̀dọ́ orí TikTok ti tún fẹ́ràn kámẹ́rà àpò, owó G7 X sì ti fò sókè. Bí ẹ bá rí i pé owó rẹ̀ ti kọjá ti mirrorless àti lẹ́ńsì méjì, ẹ má bá wọn jó ijó náà. ZV-1 tàbí RX100 III ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹnu lẹ́ńsì wọn, f/1.8 sí f/2.8, bá ti G7 X dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ kan lórí M50, torí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín lọ́wọ́. Kámẹ́rà tó dáa ni. Àmọ́ Canon ti pa ìdílé EOS M tì ní ọdún 2023, lẹ́ńsì tuntun kò sì ní jáde fún un mọ́. Lẹ́ńsì RF tuntun kò sì lè wọ ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá rà á, ẹ ra lẹ́ńsì tí ẹ fẹ́ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà. Ti Sony, lẹ́ńsì tó wọ a6000 ń wọ ZV-E10 àti a6400, ẹ lè pààrọ̀ ara kámẹ́rà lọ́jọ́ iwájú láìta lẹ́ńsì.

7. Tọ̀kunbọ̀: ẹ máa dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á

Mo ra kámẹ́rà àpò tọ̀kunbọ̀ kan rí. Mo tan án, ó tàn, mo ya ògiri, ó yà á, mo sanwó. Lọ́jọ́ kẹta, níbi ìkómọ, nígbà tí bàbá ọmọ gbé oyin sókè, lẹ́ńsì jáde dé ìdajì, ó ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. "Lens error" ló kọ sójú. Ẹni tó ń tún un ṣe fi hàn mí: iyanrìn, hóró kan bí iyọ̀, ló ti há sí ibi tí lẹ́ńsì ti ń wọlé. Àfi kí n pààrọ̀ odindi lẹ́ńsì, owó rẹ̀ sì fẹ́ẹ̀ tó ti kámẹ́rà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé káàdì tèmi, tọ́ọ̀ṣì àti ojú ewé ìwé ìròyìn kan lọ sí ọjà.

Ẹ tan án, ẹ pa á, ìgbà mẹ́wàá. Ẹ tẹ́tí sí lẹ́ńsì nígbà tó bá ń jáde àti nígbà tó bá ń wọlé. Ìró kan náà ni ó gbọdọ̀ máa dún. Ẹ fa súùmù dé òpin, ẹ dá a padà, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lórí kámẹ́rà àpò, èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ, torí lẹ́ńsì tó ń yọ síta yìí ni eruku ọyẹ́ ń gbà wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ihò lẹ́ńsì sí f/11, kí ẹ ya ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun. Ẹ fa fọ́tò náà tóbi lójú kámẹ́rà, ẹ fi ìka tì í láti igun dé igun. Àmì dúdú roboto tí kò kúrò lójú kan, eruku orí sẹ́ńsọ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ mirrorless, ẹ ní kó yọ lẹ́ńsì, kó fi rọ́bà fẹ́ ẹ, kí ẹ tún yà á. Ó sábà máa ń lọ. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà àpò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, torí ẹ kò lè débẹ̀ láìtú kámẹ́rà palẹ̀.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì láti ẹ̀gbẹ́. Ní ilẹ̀ wa tí ọ̀rinrin pọ̀, lẹ́ńsì máa ń bu bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Ẹ óò rí i tó ta okùn tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn. Ẹ má gba irú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní òun á fún yín ní ẹ̀dínwó.

Ìwé ìròyìn ńkọ́? Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ dúró gbọọrọ níwájú rẹ̀, ẹ yà á. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọdọ̀ ṣe é kà bákan náà. Bí apá ọ̀tún bá mọ́ tí apá òsì sì ṣú, lẹ́ńsì yẹn ti jábọ́ rí.

Ẹ ya fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ máa bá oníṣòwò sọ̀rọ̀ nǹkan mìíràn lọ. Ẹ wo bí bátìrì ṣe sọ̀kalẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kan ara kámẹ́rà bóyá ó gbóná jù. Ẹ ki okùn USB bọ̀ ọ́, ẹ ki ti máíkì bọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ Sony, ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń yan èdè: èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Japan máa ń ní èdè Japan nìkan, kò sí bí ẹ ṣe lè tẹ̀ ẹ́ tí yóò fi sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó máa ń dínwó fún ìdí yẹn. Lákòótán, ẹ ní kó kọ nọ́ńbà tó wà ní ìdí kámẹ́rà sínú rìsíìtì, pẹ̀lú orúkọ yín àti ọjọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ ọ́ ti dá yín lóhùn nípa ibi tí kámẹ́rà náà ti wá.

8. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ tún ọjọ́ àti aago ṣe, ẹ fi kámẹ́rà fúnra rẹ̀ nu káàdì mọ́, ẹ tan ohun tó ń wá ojú èèyàn. Ẹ fi ìdènà sí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ tó kéré, kó má kọjá 3200 lórí kámẹ́rà àpò, 6400 lórí APS-C, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fọ́tò alẹ́ á kún fún iyanrìn. Ní ti bí kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó kó tó pa ojú dé: fún ẹni tó dúró, 1/60 ìṣẹ́jú-àáyá tó. Fún ẹni tó ń jó, ẹ gbé e dé 1/200.

Èyí tí kò sí nínú ìwé ìlò rárá ni ti léèsì funfun. Kámẹ́rà gbà pé gbogbo ohun tó wà láyé papọ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú. Bí ìdílé kan bá wọ funfun dúró síwájú rẹ̀, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, aṣọ á di àwọ̀ eérú lóòótọ́, ojú àwọn èèyàn dúdú wa á sì ṣú pátápátá. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ + àti - sí, ẹ tì í sí +0.7, kí ẹ tún wò ó. Bí àdìrẹ aláró tó dúdú dáadáa bá kún ojú kámẹ́rà, òdìkejì ni: ẹ fà á sí -0.7, kí aró má baà di búlúù olómi.

Bí ẹ kò bá lò ó, inú ike onídèérí tó dé pinpin ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, pẹ̀lú àwọn àpò hóró kéékèèké tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun.

Àbúrò mi ra ZV-1 tọ̀kunbọ̀. Ó dúró ti oníṣòwò fún wákàtí kan àti ààbọ̀, ó tan kámẹ́rà ó pa á títí tí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Fọ́tò àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́ sí mi ni ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí ó sún mọ́ débi pé mo rí ibi tí ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi kùn ún ti gbọ̀n díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kùn ún. Láàárín oṣù kan, gbogbo ojú ìwé Instagram rẹ̀ ti yí padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún pè. Ó ti rí fọ́tò oníbàárà rẹ̀ kan tí ẹlòmíràn yà, tí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di bàìbàì bí òwú. "Bọ̀dá mi, lẹ́ńsì tó ń ṣe báyẹn, èló ni wọ́n ń tà á?"

Mo ní kó lọ ka ọgọ́rùn-ún fọ́tò rẹ̀ ná.